Ṣé Lóòótọ́ Ni Mọ́tò Ń Ṣáàjì Bátìrì Tírélà Ẹ̀yìn?

Ọ̀rọ̀ bátìrì la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọjá lọ. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ìtìjú náà sì wà nínú rẹ̀.

Bí èèyàn bá pe tírélà ní Lokoja níbí, ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni àwọn ọkọ̀ gbàǹgbà tó ń kó sìmẹ́ńtì jáde ní Ọbájànà, tàbí èyí tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà Abuja tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Ìyẹn kọ́ là ń wí. Tírélà tí à ń wí yìí kéré: àpótí onírin tó ní táyà méjì, tí mọ́tò ilé lásán lè máa fà nídìí. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n máa ń kọ́ yàrá sórí irú rẹ̀, wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù sí i, wọ́n á máa fi ṣe fàájì kiri. Tiwa kò ní bẹ́ẹ̀dì. Àwa ìdílé mẹ́rin la dáwó rà á. Fìrísà oní-12 V kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì 100 Ah kan àti gílóòbù LED mẹ́ta. Ìlò ìnáwó ilé la rà á fún.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ẹni tó ń gbé Lokoja kò gbọ́dọ̀ lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ibí ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, ẹja sì ni ẹ̀bùn tí gbogbo ayé mọ ìlú yìí mọ́. Bí òkú bá sùn lÉkìtì tàbí nílẹ̀ Òkun, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ kan wà ní Lokoja, ó parí: òun ni yóò kó ẹja wá. Nítorí náà ni tírélà wa kì í sinmi. Ó ti dé Mopa, ó ti dé Ẹ̀gbẹ̀, ó sì ti dé Adó-Èkìtì lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìbéèrè tó wá ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa nìyí: bí mọ́tò bá ń fa tírélà yẹn lọ, ṣé alternator inú mọ́tò ń ṣáàjì bátìrì tó wà lẹ́yìn, àbí bátìrì yẹn kàn ń jẹ ara rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi dé?

Ọ̀nà méjì la pín sí. Bàbá Ìbejì, tí wọ́n ti ń wa mọ́tò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ní ó ń ṣáàjì. Wọ́n ní àwọn ti fà á dé Èkìtì láìmọye ìgbà, ẹja dì gbagidi nínú rẹ̀ bí òkúta. Ìyá Ẹlẹ́ja ní irọ́ ni. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹja àwọn ti rọ̀ kó tó délé láàárín ọdún méjì sí àkókò yìí. Bàbá Ìbejì ní bóyá wọn kò jẹ́ kó dì dáadáa kí wọ́n tó kó o sínú tírélà ni. Ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí lára ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ta ẹja. Mama kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nígbà tó yá ni ìyá ọ̀kan nínú wa papò dà lÉkìtì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsìnkú, Ọjọ́bọ̀ la ó gbéra. Ẹja 60 kílò la fẹ́ kó lọ, àwìn sì ni Ìyá Ẹlẹ́ja fi ìdajì rẹ̀ fún wa, owó òwò wọn gan-an ni. Wọ́n wá pè wá jọ, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́. Ẹja tó bá ti rọ̀, bí ẹ bá tún gbé e padà sínú fìrísà, á le, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ ná. Èmi ò ní fún àwọn olókùú ní ẹja tí yóò dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹ lọ wo iná yẹn kó dá mi lójú.”

Bí a ṣe wò ó nìyí. À ń kọ ọ́ síbí nítorí pé kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè ṣe. Mítà kan ṣoṣo la lò, èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń gbé kiri, tó ń ka V.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí V àti A túmọ̀ sí. Ẹ fi ojú tánkì omi wò ó. V ni bí omi ṣe ga tó nínú tánkì, òun ló ń ti omi. A ni iye omi tó ń gba inú rọ́bà kọjá. Omi kì í ti ìsàlẹ̀ gun òkè. Bí tánkì iwájú kò bá ga ju ti ẹ̀yìn lọ, omi kò ní lọ sẹ́yìn, ìbáà jẹ́ pé ẹ so rọ́bà mẹ́wàá. Bátìrì 12 V tó kún, tó ti sinmi, máa ń ka nǹkan bíi 12.6 tàbí 12.7 V. Tó bá ti dé 12.2, ó ti jẹ ìdajì. Tó bá wọ 12.0 lọ sísàlẹ̀, ó ti fẹ́ gbẹ. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí alternator rẹ̀ le, máa ń gbé bátìrì tirẹ̀ sókè sí 13.8 títí dé 14.4 V. Gíga yẹn ni a fẹ́ kó dé ẹ̀yìn.

Àkọ́kọ́: ẹ yọ tírélà kúrò lára mọ́tò, ẹ pa fìrísà àti iná, ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan. Òru ló dára jù. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná máa ń parọ́: á ka 13 V, ẹ ó rò pé ó kún, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ nìkan ló gbóná. Ẹ ka V rẹ̀ lórí bátìrì gan-an, kì í ṣe níbi wáyà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tiwa ka 12.5 láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìkejì: ẹ so tírélà mọ́ mọ́tò, ẹ ki plọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ẹ má tíì ṣí iná mọ́tò. Ẹ kà á lẹ́yìn. Bó bá yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a jẹ́ pé bátìrì méjèèjì ti fọwọ́ so, fìrísà sì lè mu bátìrì mọ́tò gbẹ lóru tí ẹ bá sùn sójú ọ̀nà. Bí kò bá yí padà, ó lè jẹ́ pé relay kan ń dúró de ẹ́ńjìnnì, ó sì lè jẹ́ pé kò sí wáyà kankan tó dé ibẹ̀. Tiwa kò yí padà: 12.5.

Ìkẹta: ẹ ṣí mọ́tò, kí ẹnìkan fẹsẹ̀ kan iná díẹ̀. Ẹ ka bátìrì mọ́tò, kí ẹ wá ka ti ẹ̀yìn. Ti mọ́tò ka 14.2. Ti ẹ̀yìn? 12.5 náà ni. Ìyá Ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì kò sọ nǹkan kan.

Ìkẹrin: ẹ tan fìrísà àti gbogbo ohun tó ń jẹ iná lẹ́yìn, kí ẹ tún kà á. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Wáyà tín-ín-rín lè ka V tó dáa nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀, tí ẹrù bá gun orí rẹ̀ tán, á wó. Nígbà tí a tan fìrísà wa, ó já sí 12.3.

A fẹ́ gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú ní Lokongoma, NEPA sì ti mú iná lọ bí iṣẹ́ wọn, ni ọmọ kan tó jókòó sínú mọ́tò bá tan iná mọ́tò kí a lè ríran. Ẹni tó di mítà mú lẹ́yìn pariwo pé, “Ó ti gòkè o!” 12.7. A ní kó pa iná: 12.3. Kó tún tan án: 12.7. Gbogbo wa wo ara wa.

Nígbà tí a tú ìdí plọ́ọ̀gì wò, a rí i. Rẹ́wáyà tó ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí a ra tírélà kò fa wáyà kankan láti orí bátìrì mọ́tò. Ó kàn já wáyà pupa tín-ín-rín kan lára wáyà iná kékeré ẹ̀yìn, èyí tó máa ń tàn pọ̀ mọ́ iná iwájú, ó fi díódù kan sí i kí iná má baà padà sẹ́yìn, ó sì gbé e lọ sórí bátìrì tírélà. Bí iná kékeré bá tàn, díẹ̀ á máa wọlé. Bí iná bá kú, kò sí nǹkan kan. Díẹ̀ tó ń wọlé náà kò tó nǹkan, nítorí díódù bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bíi 0.7 V, wáyà tín-ín-rín náà á sì jẹ tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ wá rí ibi tí ìjà wa ti wá. Ní àtijọ́, òru la máa ń rìn. Aago méjì òru la máa ń kúrò ní Lokoja kí oòrùn má baà pa ẹja, iná mọ́tò á máa tàn láti ẹnu géètì títí a ó fi fi Kábbà sẹ́yìn tí a ó fẹ́ wọ Òmùò-Èkìtì. Bátìrì ẹ̀yìn ń rí nǹkan díẹ̀ jẹ, atẹ́gùn òru náà tutù, fìrísà kì í ṣe wàhálà púpọ̀. Ìgbà yẹn ni Bàbá Ìbejì ń sọ, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ ojú ọ̀nà Kogi di ohun tí gbogbo wa mọ̀ yìí, ta ló tún ń rin òru? Ilẹ̀ á mọ́ kedere kí a tó gbéra, a sì gbọ́dọ̀ délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀sán gangan, oòrùn Lokoja lórí àpótí onírin, iná mọ́tò kú, fìrísà ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò sì sí iná kan tó ń wọlé. Ìgbà yìí ni Ìyá Ẹlẹ́ja ń sọ, òótọ́ ni àwọn náà sọ. Wáyà kò yí padà, àwa la yí àkókò ìrìn wa padà. Bàbá Ìbejì dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ṣeré, wọ́n ní, “Ìyá wa, ẹ máa bínú, ẹja yín dì.” Mama ní, “Mo ti gbọ́. Ẹ dìde, ẹ wá wáyà.”

Ìdí tí a fi ń sọ gbogbo èyí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ti ní plọ́ọ̀gì tírélà nídìí, a ó sì rò pé ó ti parí. Kò parí. Plọ́ọ̀gì dúdú oníhò méje tó ń bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù àtijọ́ wá, iná ẹ̀yìn, tráfíkà àti iná bíréèkì ló wà fún. Kò sí ihò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ṣíṣáàjì bátìrì nínú rẹ̀. Plọ́ọ̀gì kejì tàbí oníhò 13 ni wọ́n ń lò fún ìyẹn níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà oníhò méje ní ihò kan fún bátìrì, ṣùgbọ́n ní àwọn ọkọ̀ kan, fíúsì tàbí relay tó yẹ kó gbé iná dé ihò náà kì í sí nínú àpótí fíúsì, ẹni tó bá fẹ́ lò ó ló máa fi í sí i. Nítorí náà, iná ẹ̀yìn tó tàn kì í ṣe ẹ̀rí pé bátìrì ń gba iná. Gílóòbù tí rẹ́wáyà fi ń dán wáyà wò náà kì í ṣe ẹ̀rí tó tó. Gílóòbù á tàn lórí wáyà tí kò lè ṣáàjì nǹkan kan. Mítà, lórí bátìrì ẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, òun ni ẹ̀rí.

Ní ọjọ́rú, rẹ́wáyà mìíràn bá wa tún un ṣe. Ohun tó ṣe nìyí. Ó fa wáyà 16 mm² láti orí bátìrì mọ́tò lọ sẹ́yìn, ó sì fa wáyà dúdú tó nípọn bákan náà padà, kò gbẹ́kẹ̀ lé irin tó so tírélà mọ́ mọ́tò pé kó máa gbé iná bọ̀, torí ìpẹtà àti gíríìsì kì í jẹ́ kí irin yẹn ṣeé fọkàn tán. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: wáyà 2.5 mm² tó gùn tó mítà 10 ní àlọ, mítà 10 ní àbọ̀, tí 15 A bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, nǹkan bíi 2 V ló máa sọnù sójú ọ̀nà. Lórí 16 mm², kò ju bíi 0.3 V lọ. Ó fi fíúsì 40 A sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì iwájú, ó fi òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀yìn, nítorí bátìrì méjèèjì ló lè dáná sun wáyà bí ó bá fara kan irin. Ó fi relay kan sáàárín tí kì í ṣí àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Plọ́ọ̀gì oníhò méje kò gba wáyà tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà plọ́ọ̀gì ńlá oníhò méjì ló lò fún un, ó fi ti iná ẹ̀yìn sílẹ̀ fún iná ẹ̀yìn.

A tún kà á. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná mọ́tò kú: 13.9 V lẹ́yìn. A tan fìrísà: 13.6. Ìyá Ẹlẹ́ja fúnra wọn ló di mítà mú.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín jẹ́ ti òde òní, ẹ fetí sí èyí o. Alternator àwọn ọkọ̀ tuntun kan gbọ́n: bí bátìrì iwájú bá ti kún, á rẹ V sílẹ̀ kó lè dín epo kù, ẹ̀yìn kò sì ní rí nǹkan kan gbà mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà nípọn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ṣájà DC-DC, tí yóò máa gbé V náà sókè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ fi mítà wò ó lẹ́yìn tí mọ́tò ti ṣiṣẹ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má kàn wò ó ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nìkan.

Ẹ má sì rò pé mọ́tò tó dúró sójú kan lè ṣe iṣẹ́ mọ́tò tó ń rìn. Gbogbo wa rántí oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí omi bo ọ̀nà Lokoja sí Abuja, tí ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ kò tẹ iná rẹ̀ kì í mú alternator yí tó, A tó ń mú jáde á kéré, epo á sì máa jó. Ẹ tún fi ìṣirò kún un: bí 5 A péré bá ń kù fún bátìrì lẹ́yìn tí fìrísà ti jẹ tirẹ̀, wákàtí mẹ́rin ìrìn, 20 Ah nìyẹn. Bátìrì 100 Ah tó ti jẹ ìdajì ń fẹ́ 50. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó kún láti ilé kí ẹ tó gbéra, kí mọ́tò kàn máa bá a dì í mú lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ààbò díẹ̀: bátìrì olómi tó ń gba iná máa ń tú gáàsì tó lè gbiná. Ẹ má mu sìgá nídìí rẹ̀, ẹ fi ihò atẹ́gùn sí ibi tó wà, ẹ sì fi okùn de bátìrì náà kó má baà ṣubú nínú kòtò ojú ọ̀nà. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ti kòtò ojú ọ̀nà wa fún yín.

Ní Ọjọ́bọ̀ a gbéra ní aago méje àárọ̀. Ní Kábbà a dúró ra omi, a kà á: 13.7. A dé ṣáájú ìṣọ́ òkú. Ẹja 60 kílò yẹn le gbagidi, a sì rí iná tan sí abẹ́ kánópì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kú ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ òru, bátìrì ka 12.3, a ṣí mọ́tò fún un díẹ̀. Wọ́n sin Mama tó kú pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sí ẹni tí inú run. A san gbèsè Ìyá Ẹlẹ́ja pé ní ọjọ́ Ajé.

Ìdílé mẹ́rin ló ni tírélà yìí, ṣùgbọ́n a ti pinnu pé mítà náà ti di ti gbogbo àdúgbò. Ẹni tó bá ń múra àtilọ sílé, kó bi wá, a ó bá a wò ó kó tó kúrò. Ọ̀nà ilé wa kò rọrùn mọ́, àsìkò tí a fi ń rìn ín ti yí padà, ọ̀pọ̀ ohun tí a gbé kalẹ̀ fún ayé àtijọ́ ló sì wà nínú ilé wa tí a kò tíì tún wò. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run á máa mú wa lọ, á máa mú wa bọ̀, a ò ní pàdé ibi lójú ọ̀nà o. Àṣẹ.